Attenuator Kọ́ Ló Ba Ohùn Gìtá Yín Jẹ́

"Ó ń pa ohùn." Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń lé attenuator kúrò lórí ìtàgé, nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, àti nílé ẹni tó fẹ́ ta gìtá lóru nígbà tí ọmọ ti sùn. Ẹni tó ní ọ̀kan nílé ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò fojú kàn án rí náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń mú ohùn gìtá rì, ó ń jẹ fáàfù áńpù, àti pé bí èèyàn bá tún wá so àpótí sípíkà méjì mọ́ ọn, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àjálù. Mo ta ko ó látòkè délẹ̀. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka tí kò ṣẹ̀ ni àwọn onígìtá ti ń gé láti ọjọ́ pípẹ́.

Fún ẹni tí kò mọ nǹkan náà: àpótí kékeré kan ni attenuator, àárín áńpù àti sípíkà ló máa ń jókòó sí. Áńpù á ti agbára jáde, attenuator á sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di ooru, ìwọ̀nba tó kù ló máa jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ sípíkà. Ohun tó fà á tí ẹnikẹ́ni fi ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni pé áńpù onífáàfù, èyí tí àwọn ìgò inú rẹ̀ ń pọ́n yòò bí gílóòbù, kì í dùn tán àfi tí wọ́n bá ṣí i tán. Bí iṣẹ́ bá ti ń pọ̀ fún fáàfù, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ha, á máa kùn, á máa fà. Ohùn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ gìtá rọ́ọ̀kì nìyẹn. Àmọ́ kó tó débẹ̀, gbogbo fèrèsé ilé á ti máa gbọ̀n.

Ariwo yìí kì í ṣe àṣẹ Ọlọ́run, ó ní ìdí. Ṣọ́ọ̀bù ìlù ni Jim Marshall ní tẹ́lẹ̀ ní Hanwell, ní ìwọ̀-oòrùn London, kí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe áńpù wọn àkọ́kọ́ ní 1962. Kò pẹ́ tí Pete Townshend àti John Entwistle tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ The Who fi ní èyí kò tó àwọn, nígbà tó sì fi máa di 1965, áńpù wáàtì 100 ti dé. Townshend tún ní kí wọ́n bá òun kan àpótí kan ṣoṣo tó máa gba sípíkà mẹ́jọ. Wọ́n kàn án. Àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ náà gbẹ́rù ló kọ́kọ́ pariwo, nítorí ẹ̀yìn wọn ló ń gbé e, ni wọ́n bá pín in sí méjì, onímẹ́rin lórí onímẹ́rin. Báyìí ni àpótí méjì ṣe di àmì onígìtá ńlá. Ní àsìkò yẹn, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè nínú gbọ̀ngàn ò lágbára, ohùn olórin nìkan ló máa ń gbé. Gìtá ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Nígbà tí The Beatles kọrin ní Shea Stadium ní New York ní oṣù kẹjọ ọdún 1965, ilé iṣẹ́ Vox ṣe áńpù wáàtì 100 fún wọn, síbẹ̀ igbe àwọn èrò tó lé ní 55,000 bò wọ́n mọ́lẹ̀. Lónìí, gbohùngbohùn kan níwájú sípíkà ti tó, onísáùǹdì á gbé e dé ibi tó bá fẹ́. Ohun tó bí áńpù oníwáàtì 100 ti lọ tipẹ́, áńpù náà ṣì wà nílé, ohùn rẹ̀ ṣì wù wá. Ọ̀nà wo ni ká wá gbé e gbà?

Àwọn tó kórìíra attenuator á ní ká ṣí áńpù, ká gbà pé bí ohùn ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á ní àwọn ti gbé e sí àárín rí, gbàrà tí àwọn yí i wálẹ̀ ni ohùn kú. Ohun tí wọn kò sọ ni pé ohùn ńlá àti ohùn kékeré ni wọ́n fi wéra. Lọ́dún 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí etí ṣe ń gbọ́ràn. Wọ́n rí i pé bí ariwo bá ti ń lọ sílẹ̀, etí kì í gbọ́ béèsì dáadáa mọ́, ohùn tín-ín-rín náà á sì máa sá, ohùn àárín nìkan ló máa ń dúró. Ẹni tó bá lo rédíò kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ á rántí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "loudness" sí lára. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kó fi béèsì àti ohùn òkè kún un nígbà tí èèyàn bá yí rédíò wálẹ̀, kí etí má baà mọ̀ pé nǹkan dín. Kò sẹ́ni tó sọ pé rédíò náà ti kú. Gìtá nìkan la máa ń yí wálẹ̀, tí etí wa á ṣe ohun tó máa ń ṣe lójoojúmọ́, tí a ó sì nàka sí àpótí tó jókòó sí àárín.

Sípíkà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nínú àpótí Marshall ti ìgbà náà, sípíkà Celestion tí wọ́n ń pè ní Greenback ló wà níbẹ̀, wáàtì 25 ni èyí tó wà lọ́jà lónìí lè gbà. Mẹ́rin rẹ̀ di 100. Tí áńpù wáàtì 100 bá ṣí tán sí i, páálí sípíkà náà á máa tẹ̀, á máa wárìrì, á fi ohùn tirẹ̀ kún ti fáàfù. Bí agbára tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò bá ju wáàtì kan lọ, jẹ́jẹ́ ni páálí ń lọ. Òótọ́ ni pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ náà á wà bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn lẹ gbà dín ariwo kù, torí sípíkà tí a ò fìyà jẹ kò ní ké bí èyí tí à ń jẹ níyà. Ẹ tún wá wò ó: ẹni tó bá so àpótí kejì ti pín agbára sí sípíkà mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti rí ìsinmi kí attenuator tó wọ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń wá híha páálí kì í fi àpótí méjì wá a. Ohun tí àpótí méjì ń fúnni ni ohùn tó fẹ̀ lórí ìtàgé, tàbí irú sípíkà méjì tó yàtọ̀ tí ohùn wọn dàpọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi bá wọn rẹ́rìn-ín ẹni tó so àpótí méjì mọ́ attenuator, bí ẹni pé ọwọ́ kan rẹ̀ ń fi kún un tí ọwọ́ kejì ń yọ ọ́ kúrò.

Wáàtì sì ń tàn wá jẹ. Ìdajì wáàtì kì í ṣe ìdajì ariwo. Láti 100 dé 50, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré ló dín, etí fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀. Kí etí tó gbà pé ariwo ti dín sí ìdajì, wáàtì 100 ní láti di 10. Greenback yẹn ń mú dẹ̀síbẹ̀lì 98 jáde pẹ̀lú wáàtì kan ṣoṣo tí èèyàn bá wà ní mítà kan sí i. Àjọ NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí èèyàn má gbọ́ dẹ̀síbẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́, kí àkókò náà sì máa dín sí ìdajì bí dẹ̀síbẹ̀lì 3 bá ti ń gùn ún. Tó bá fi máa dé 97, ààbọ̀ wákàtí ló kù. Pẹ̀lú wáàtì kan nìyẹn o! Townshend tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ti sọ fún aráyé láìmọye ìgbà pé etí òun ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ìmọ̀ràn pé ká kàn ṣí áńpù, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí attenuator ti ń jẹ ẹ̀bi ẹlẹ́bi jù lọ ni ibi tí àpótí méjì bá ti wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ óòmù ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ onígìtá kì í sì í fẹ́ ṣírò. Óòmù ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Lẹ́yìn áńpù onífáàfù, ẹ máa rí 4, 8 àti 16. Ẹ gbọ́dọ̀ yan èyí tó bá ohun tí ẹ so mọ́ ọn mu. Tí àpótí méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí wáyà kan náà, óòmù wọn ń lọ sílẹ̀ ni, kì í gòkè. Gbọ̀ngàn tó ní ilẹ̀kùn kan, èrò á fún pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kejì, ìdíwọ́ dín sí ìdajì. Méjì oní-16 di 8. Méjì oní-8 di 4. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 16, tí èkejì jẹ́ 8, ó di 5.3, èyí tí kò sí lára áńpù kankan, oní-8 inú wọn á sì máa gba agbára ìlọ́po méjì ti ìkejì rẹ̀.

Attenuator náà ní óòmù tirẹ̀. Irú Hot Plate tí ilé iṣẹ́ THD ṣe, ìwọ̀n kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún: oní-8 kì í ṣe iṣẹ́ oní-16. Ẹ wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ra attenuator oní-8, ó ní àpótí oní-8 méjì, ó rí ihò méjì lẹ́yìn attenuator náà, ó ní "wọ́n ti ro tèmi mọ́ ọn," ó ki méjèèjì bọ̀ ọ́. Ihò méjì yẹn sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí náà óòmù 4 ló wà lẹ́yìn ohun tí wọ́n ṣe fún 8. Tó bá yí i wálẹ̀ díẹ̀ péré, àwọn àpótí náà ni áńpù ṣì ń rí jù, fáàfù á máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn á sì sanra láìní ẹ̀mí. Tó bá yí i wálẹ̀ gan-an, àwọn resistor inú attenuator, àwọn tó ń sọ agbára di ooru, ni áńpù ń rí, àpótí tó wà lẹ́yìn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan mọ́, nǹkan á sì padà dọ́gba. Bó ṣe ń yí i ni ìwà áńpù ń yí. Kí ni ọ̀gbẹ́ni yìí máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀? Pé attenuator yìí ń pa ohùn ní ipò kejì àti ìkẹta bọ́tìnnì rẹ̀. Òun ló pa á.

Bẹ́ẹ̀ sì ni bó ṣe yẹ kó ṣe é kò le rárá. Láti áńpù sí attenuator, láti attenuator sí àpótí méjèèjì; kí óòmù tí àpótí méjèèjì dà pọ̀ jẹ́ bá ti attenuator mu, kí ti attenuator bá ti áńpù mu. Ẹni tó ní àpótí oní-16 méjì, kó lo attenuator oní-8, kó sì fi áńpù sí 8. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ oní-8 méjì, oní-4 ni kó wá, tàbí kó lo àpótí ìsopọ̀ tó máa to méjèèjì tẹ̀ léra, kí wọ́n di 16, kó sì mú attenuator oní-16. Ẹni tí kò mọ óòmù àpótí rẹ̀, kó fi mítà wọn ẹnu wáyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé mítà kì í pe iye náà pé: àpótí oní-8 sábà máa ń fi 6 sí 7 hàn, oní-16 á wà ní 12, 13. Mo ti rí àwọn tó rí 6 lójú mítà, tí wọ́n sáré fi áńpù sí 4.

Àwọn kan tún máa ń so attenuator mọ́ àpótí kan ṣoṣo, kí ìkejì máa gba agbára áńpù ní tààrà. Èyí náà kò burú bí óòmù bá pé: àpótí oní-16 kan láti ihò kìíní áńpù, attenuator oní-16 àti àpótí rẹ̀ láti ihò kejì, kí áńpù wà ní 8. Fún aládùúgbò, kò wúlò rárá. Lórí ìtàgé, ó lè wúlò fún ẹni tó fẹ́ kí àpótí kan kọjú sí gbohùngbohùn, kí èyí tó kọjú sí onílù má fọ́ ọ létí.

Wàyí o, ẹ̀sùn pé ó ń ba áńpù jẹ́. Áńpù kò létí. Kò mọ̀ bóyá yàrá ń pariwo àbí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Óòmù tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ohun tó ń jẹ fáàfù ni ṣíṣí tí wọ́n ṣí i tán, bóyá attenuator wà ńbẹ̀ o, bóyá kò sí. Ohun tó ń pa áńpù onífáàfù gan-an ni kí wọ́n tàn án, kí wọ́n máa ta gìtá sí i, láìsí ohun kankan ní ẹnu ìjáde rẹ̀. Fóòtì inú tàràǹsífọ́mà á fò sókè, á wá ibi tó máa gbà jáde. Ẹ tú áńpù tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí ihò fáàfù EL34: láàrin ẹsẹ̀ kẹta àti ìkejì, ẹ máa rí ìlà dúdú tín-ín-rín kan, bí ìgbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà á. Èédú ni. Iná ti fò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì máa gba ibẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ títí wọ́n á fi pààrọ̀ ihò náà. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ olóhun, ẹ máa gbọ́ pé attenuator ló jó o. Ẹ ní kó mú wáyà tó fi so wọ́n pọ̀ wá, wáyà gìtá ni, èyí tí inú rẹ̀ tín-ín-rín tí wọ́n ṣe kìkì fún àárín gìtá àti áńpù. Ó gbóná, ó já, áńpù ń sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́. Wáyà sípíkà tó nípọn ni ibẹ̀ yẹn ń fẹ́, níwájú attenuator àti lẹ́yìn rẹ̀.

N kò sọ pé gbogbo attenuator ló dára. Ẹ̀sùn kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Sípíkà tí wọ́n kọ óòmù 8 sí lára kì í jẹ́ 8 ní gbogbo ìgbà: nítòsí béèsì, nínú àpótí rẹ̀, óòmù náà á fò sókè fíofío, á wálẹ̀ sí bíi 8 ní àárín, á tún máa gun òkè lọ bí ohùn ṣe ń tín-ín-rín. Gbogbo gígun àti sísọ̀ yìí ni áńpù onífáàfù ń dáhùn sí, apá kan ohùn tó wù wá nìyẹn. Attenuator tó jẹ́ kìkì resistor tẹ́ pẹrẹsẹ, 8 ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, béèsì àti ohùn òkè á sì tẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Power Soak wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Ilé iṣẹ́ tí Tom Scholz dá sílẹ̀ ní 1980 ló ṣe é, ẹnjiníà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT, tó sì tún jẹ́ onígìtá ẹgbẹ́ Boston. Ẹni tó lo irú ìgbà náà, tó sì ráhùn, kò purọ́. Àmọ́ ẹ̀sùn ìgbà náà la ṣì ń jogún. Ilé iṣẹ́ Weber ti fi ìdí sípíkà tí kò ní páálí sínú tirẹ̀, kí áńpù lè rí ohun tó jọ sípíkà gidi. Fryette, Universal Audio àti Boss fi kọ́ìlì àti kapásítọ̀ ṣe tiwọn, kí óòmù wọn lè máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ bíi ti sípíkà. Ti Fryette tún ní áńpù tirẹ̀ nínú tó ń gbé ohùn náà padà sí ìwọ̀n tí èèyàn bá fẹ́. Ẹni tó ń fi ìwà Power Soak dá àwọn wọ̀nyí lẹ́jọ́, ìtàn ló ń sọ.

Àwọn mìíràn á ní ká lo Variac dípò rẹ̀, bí onígìtá Eddie Van Halen ṣe fi mú iná tó ń wọ inú Marshall rẹ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bíi fóòtì 90 níbi tí iná wọn ti ń jẹ́ 120. Àwa tí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ti ń fún ní irú iná yẹn láti kékeré, tí a tún ń sanwó rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é ní ohùn tuntun. Ariwo tó ń dín kò sì tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni iná tó yẹ kó mú ọkàn fáàfù gbóná kò ní tó mọ́.

Kí n sì sọ èyí kó tó di pé ẹnì kan ná owó tí kò yẹ: gìtá jùjú kò nílò attenuator. Ohùn tó mọ́ gaara, tó ń ró bí agogo, ni gìtá King Sunny Adé àti Ebenezer Obey ń fẹ́, kí ọ̀pọ̀ gìtá lè máa fọwọ́ wọ ọwọ́ láìdí ara wọn lọ́nà. Ohùn tí kò ha, ẹ kàn yí áńpù wálẹ̀ ni. Bákan náà ni áńpù onítiransísítọ̀, tó pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lágbo àríyá wa. Kò sí adùn kankan tó ń dúró de èèyàn ní òpin bọ́tìnnì rẹ̀, òun náà sì ni óòmù tó kéré jù ń pa. Ẹni tó bá so attenuator mọ́ ọn, tó wá ní kò ṣe nǹkan kan, òótọ́ ló sọ.

Ìmọ̀ràn ìkẹyìn tí wọ́n máa ń gbé wá, tí wọ́n sì máa ń fi ẹ̀rín gbé e bí ẹni tó ti jàre, ni pé kí èèyàn ta wáàtì 100, kó ra oníwáàtì 5. Kò burú, áńpù kékeré lè dùn gan-an. Ṣùgbọ́n láti 100 dé 5, dẹ̀síbẹ̀lì 13 péré ló wà láàrin wọn. Oníwáàtì 5 tí wọ́n ṣí tán sórí Greenback kan á fún yín ní nǹkan bíi dẹ̀síbẹ̀lì 105, aládùúgbò á sì kan ilẹ̀kùn bó ṣe kàn án tẹ́lẹ̀. Mo mọ àwọn tó ra irú áńpù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà ra attenuator. Attenuator ni wọ́n wá ra tẹ̀ lé e.